Okùn Ló Ń Pa Gíà

Ẹni tó bá dúró sí Maitumbi ní Minna lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó ń wo àwọn mọ́tò tó ń ti ọ̀nà Gwada àti Kuta wọ ìgboro, kò ní pẹ́ rí èyí tí wọ́n ń fi okùn fà. Golf tó ti gbó ló máa wà níwájú. Lẹ́yìn, ẹnì kan á lẹ̀ mọ́ sítíárìn, á ranjú kalẹ̀, á máa tẹ bíréèkì tí kò fẹ́ mú. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, wọ́n á ní ọpẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìnáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Rédíétọ̀ lásán ló jò lọ́nà. Ẹnu okùn ni gíà kú sí.

Àwọn tó dá àṣà yìí sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ayé Peugeot 504 ni wọ́n wà, èyí tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò jọ ní ọdún 1975. Gíà ọlọ́wọ́ ló pọ̀ nígbà náà. Bí awakọ̀ bá ti fi í sí fíríì, táyà á máa yí, díẹ̀ nínú eyín gíà á máa bá a yí, wọ́n á sì máa ta epo tí wọ́n rì sí sí ara wọn. Kò sóhun tó ń ṣe é. Golf àwọn onítakisí náà kò yàtọ̀. Mọ́tò ló wá yí padà, tí àṣà kò yí. Corolla, Camry, àti Accord tí aráyé sọ ní End of Discussion, ọ̀tọ́, ìyẹn èyí tí gíà rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ló pọ̀ jù nínú wọn lónìí.

Nínú gíà ọ̀tọ́, pọ́ǹpù kan ló ń gbé epo káàkiri, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí pọ́ǹpù ọ̀hún. Ẹ́ńjìnnì kú, epo jókòó sísàlẹ̀. Táyà iwájú ń yí lórí ọ̀dà, ó ń yí irin inú gíà, irin ń ha irin, ó ń gbóná. Fíríì tí gbogbo ènìyàn gbójú lé kò dí èyí lọ́wọ́ rárá. Ìdí nìyí tí ìwé ìlànà inú ọ̀pọ̀ Toyota fi sọ pé, bí ọ̀ràn bá di pàjáwìrì, ọ̀nà kúkúrú ni kí wọ́n fa mọ́tò náà, kí eré má sì kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Ta ló ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti Kuta?

Àwọn tó ń fi okùn fa mọ́tò á ní àwọn òyìnbó náà ń fà á. Òótọ́ ni. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé inú mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti balùwẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ìrìn àjò. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tóbi ju ohun tí ènìyàn lè gbé lọ ra búrẹ́dì, nítorí náà wọ́n á so ọkọ̀ kékeré mọ́ ọn nídìí, pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Honda CR-V tó jáde títí di 2014, CR-V kan náà tí à ń rà ní tòkunbọ̀. Gíà Honda ìgbà yẹn gba kí wọ́n fà á, ṣùgbọ́n ètò wà níbẹ̀. Wọ́n á ta ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi gíà sí D fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n á dá a padà sí N, wọ́n á sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí epo lè kárí inú rẹ̀, kí wọ́n tó pa á. Kọ́kọ́rọ́ á wà níbi tí sítíárìn kò ti ní há. Irin líle ló so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, ṣéènì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí irin bá lọ já. Bí iná ẹ̀yìn mọ́tò ńlá bá tàn, ti kékeré á tàn. Ẹ̀rọ kan á sì máa bá kékeré tẹ bíréèkì. Nígbà tí Honda pààrọ̀ gíà náà lára CR-V ti 2015, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fà á bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹni tó fẹ́ fi èyí ṣe àwíjàre ní Maitumbi gbọ́dọ̀ rántí pé mọ́tò tó yá gágá ni wọ́n ń fà lọ́hùn-ún. Tiwa, ẹ́ńjìnnì ti kú. Níbo la ti fẹ́ rí ìṣẹ́jú mẹ́ta?

Okùn fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bíréèkì ọkọ̀ kékeré ń gba ìrànwọ́ lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì; bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tí á fi le bí òkúta. Golf dúró lójijì, mọ́tò ẹ̀yìn rọ́ lù ú. Golf tún ṣí, okùn tó ti dẹ̀ tún fà gbọ̀n-ọ́n, bọ́ńpà já. Mọ́tò tuntun máa ń ní irin olójú kan tí wọ́n ń yí wọ ihò kan lára bọ́ńpà fún iṣẹ́ yìí, inú búùtù nítòsí jáàkì ló sì sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá, irin yẹn ti di àwátì. Ni wọ́n bá rá wọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n so okùn mọ́ apá irin tó gbé táyà dúró, wọ́n sì fà á títí ó fi tẹ̀. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gba àárín mọ́tò méjì kọjá nínú òkùnkùn kò tilẹ̀ rí okùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, okùn kò gbọdọ̀ ju mítà 4.5 lọ, bó bá sì ju mítà 1.5, dandan ni kí wọ́n so ohun tó hàn kedere mọ́ ọn.

Ohun tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kò le. Wéédà tó ń jó géètì lè jó irin gígùn tó ní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí gáréèjì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nílẹ̀. Kí mẹ́káníìkì béèrè ìbéèrè kan kó tó rán ọmọ iṣẹ́ jáde: ọ̀tọ́ ni àbí ọlọ́wọ́? Bó bá jẹ́ ọ̀tọ́ tí táyà iwájú ń wà, kí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wà, orí ọkọ̀ agbégbé ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó ń béèrè ẹ̀rọ paná-paná àti táyà àfipamọ́ lè béèrè irin olójú inú búùtù náà. Wọ́n á ní ọkọ̀ agbégbé wọ́n. Kí wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta gíà tòkunbọ̀, kí wọ́n fi owó ẹni tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ àti epo tuntun kún un.

Àwíjàre kan ṣoṣo ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀nà tó gba ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro àti Munya kọjá ti rí ajínigbé àti agbébọn ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí ẹni tó máa ní kí ìdílé kan jókòó sínú igbó dúró de ọkọ̀ agbégbé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Níbẹ̀, kí wọ́n fà á, kí gíà kú bó bá fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ìlú àkọ́kọ́ tí èrò pọ̀ sí ni kí wọ́n tú okùn, kí wọ́n wá ibi tí mọ́tò á sùn sí. Kò dìgbà tí wọ́n bá fà á dé Maitumbi.