Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ kò gba owó gọbọi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mu ní apá àríwá Èkìtì. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, títí kan Ìdó, àwọn onílé àti ayálégbé ń náwó lórí oríṣiríṣi oògùn olóòórùn líle tí wọ́n ń dà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nígbà tí ọṣẹ dúdú, omíkan àti eérú wà nítòsí wọn.

Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí ọgbà rẹ̀ kan sì wà ní Ìkọ̀lé, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ti pọ̀ sí i. Bí èrò bá sì ti pọ̀ nínú ilé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi hàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n ra Ísáàlì, Jíìkì tàbí ásíìdì, kí wọ́n sì dà á sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Òórùn oògùn yóò bo òórùn ìgbẹ́ mọ́lẹ̀, wọn yóò rò pé ó ti mọ́. Àṣìṣe gbáà ni.

Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ alómi, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sókàwéè, kì í ṣe ihò lásán. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa jẹ ìgbẹ́ náà títí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò fi di omi àti afẹ́fẹ́. Alágbàṣe tí kì í gbowó ni wọ́n. Bí onílé bá ń da oògùn líle lù wọ́n ṣáá, wọn yóò kú, ìgbẹ́ yóò máa ga sí i, kòtò tó yẹ kó lo ọ̀pọ̀ ọdún yóò sì tètè kún. Owó ọkọ̀ tí yóò wá fà á kì í ṣe kékeré.

Kí wá ni ṣíṣe? Ọṣẹ ni àkọ́kọ́. Kí wọ́n rẹ ọṣẹ dúdú tó tó ẹyin adìẹ sínú omi gbígbóná lítà 1 di ọjọ́ kejì. Omi ọṣẹ yìí ni kí wọ́n fi fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó dáadáa. Gbígbo ló ń lé ẹ̀gbin, kì í ṣe òórùn.

Bí omi kànga bá ti sọ àwo di pupa, omíkan orí ògì ló kàn, nítorí kíkan rẹ̀ ń tú ìpẹtà. Kí wọ́n gbọ́n omi inú àwo kúrò, kí wọ́n da omíkan sí i lálẹ́, kí wọ́n sì gbo ó láàárọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n là sí méjì náà ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ti ṣàlàńgá yàtọ̀. Eérú tó ti tutù pátápátá ni kí wọ́n máa bù sí i lẹ́yìn ìlò, kí wọ́n sì de ojú ihò náà. Ó ń dín òórùn àti eṣinṣin kù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má da eérú sínú ìgbọ̀nsẹ̀ alómi, nítorí yóò di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò. Kẹrosíìnì àti àlòkù epo mọ́tò tí àwọn kan ń dà sí ṣàlàńgá kò dára rárá, nítorí wọ́n lè ba omi kànga jẹ́.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan rèé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ po Jíìkì mọ́ omíkan, ọsàn tàbí ásíìdì. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá níbi tí kò sí fèrèsé.

Àwọn kan yóò ní ọṣẹ dúdú kò pa kòkòrò àrùn bíi ti Jíìkì. Òótọ́ ni. Bí aláìsàn ìgbẹ́ gbuuru tàbí onígbáméjì bá wà nínú ilé, ó yẹ kí wọ́n fi Jíìkì nu ìjókòó àti ilẹ̀, bí ìwé ara ike rẹ̀ ṣe wí. Ìwọ̀nba kì í ba kòtò jẹ́, àpọ̀jù ló ń bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá kún tàbí tó ń rùn, inú igbó làwọn èèyàn ń gbà lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lùwé àṣẹ pé kí ìgbẹ́ yíyà ní gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tó bá fi máa di ọdún 2025. Kò tí ì dópin, nítorí ìwé àṣẹ kì í fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àwọn àgbà tó mọ ayé wolé-wolé kò ní gbàgbé bí gbogbo ilé ṣe ń mọ́ nítorí ẹ̀rù wọn. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Ọ̀sì máa rán òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó lọ sójúlé, kì í ṣe láti bu owó ìtanràn léèyàn, bí kò ṣe láti kọ́ni. Kí àwọn onílé náà má dúró de ìjọba. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.