Owó Epo Kì Í Ṣe Owó Oṣù

Ẹni tó bá ń gbé Karmo l'Àbújá mọ ìdí tó fi ń gbé ibẹ̀. Owó ilé rọjú díẹ̀ ju ti Jabi àti Utako lọ, bẹ́ẹ̀ Jabi àti Utako ọ̀hún kò jìnnà. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò náà fi kún fún àwọn tó ń fi mọ́tò ara wọn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá wọn: àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ oògùn polówó, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láti báńkì dé báńkì, àwọn òṣìṣẹ́ NGO tí wọ́n ń rán lọ sí Gwagwalada lónìí, Keffi lọ́la, Lokoja lọ́túnla. Wọ́n á ra epo látinú àpò ara wọn, wọ́n á kọ iye kìlómítà sílẹ̀, wọ́n á kó rìsíìtì fún akáúńtáǹtì. Nígbà tó bá yá, àlẹ́ẹ̀tì owó tí wọ́n dá padà á wọlé.

Inú àlẹ́ẹ̀tì yìí ni wàhálà wà. Bó bá ti dún báyìí, ayọ̀ á dé bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n á ra ẹran kún ti tẹ́lẹ̀ lọ́jà Karmo, wọ́n á fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá nílé, wọ́n á san gbèsè aṣọ ẹbí. Kí oṣù tó parí, owó oúnjẹ ti tán, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó yọ 40,000 náírà nínú owó oúnjẹ láti ra epo iṣẹ́, ó yá ọ̀gá rẹ̀ lówó láìgba èlé. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá san án padà, owó oúnjẹ ló jẹ ní gbèsè, kì í ṣe aṣọ ẹbí. Òfin owó orí ti ọdún 1993, tí wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún ohun tó lé ní 30 ọdún, yọ irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: èyí tí òṣìṣẹ́ ná lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n dá padà fún un, tí kò sí èrò èrè nínú rẹ̀, wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Agbowó-orí tí kì í fojú fo kọ́bọ̀ gbà pé kì í ṣe èrè. Ẹ̀yin wá ń pè é ní èrè.

Mo fura pé DTA, owó tí ìjọba ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá rin ìrìn iṣẹ́, ló kọ́ wa ní àṣà yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù September 2022 ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ipele 7 sí 10 ti ń gba 17,500 náírà fún alẹ́ kan tí iṣẹ́ bá gbé e jáde. Iye kan náà ni, ì báà sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, ì báà sùn sílé àbúrò rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù, tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa bi í. Àṣà náà ti wọ Àbújá lára débi pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí ń fi ojú DTA wo owó kìlómítà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti Karmo dé Lokoja àti àbọ̀ sún mọ́ 400 kìlómítà. Ká ní mọ́tò yín ń fi lítà kan rin kìlómítà 10, lítà 40 nìyẹn. Ní October 2024 tí lítà kan di 1,030 náírà nílé epo NNPC l'Àbújá, epo yìí á gba 41,200. Ká tún ní ilé iṣẹ́ ń san 150 náírà lórí kìlómítà kan: 60,000 ni wọ́n á san, ó ku 18,800. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Táyà ńkọ́? Bí mẹ́rin bá jẹ́ 300,000, tí wọ́n sì rin 40,000 kìlómítà kí wọ́n tó pá, ìrìn Lokoja kan ṣoṣo jẹ 3,000 lára wọn. Ọ́ìlì tí ẹ ń fi 40,000 pààrọ̀ lẹ́yìn 5,000 kìlómítà, 3,200 ni tiẹ̀. Ó ku 12,600 fún bíréèkì, fún ṣọ́ọ̀kì, àti fún mọ́tò fúnra rẹ̀ tó ń darúgbó. Ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà inú Karmo lásìkò òjò kò ní bá mi jiyàn lórí ṣọ́ọ̀kì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó jẹ 18,800 yìí tán, òun ni yóò ti mọ́tò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ níbòmíràn. L'Amẹ́ríkà, 70 sẹ́ńtì lórí máìlì kan ni àjọ owó orí wọn kọ sílẹ̀ fún ọdún 2025, ìtúnṣe, ìnṣọ́ránsì àti ọjọ́ orí mọ́tò sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú epo. Láti 2011 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi tiwọn sí 45 pẹ́ǹsì fún 10,000 máìlì àkọ́kọ́. Orílẹ̀-èdè méjèèjì kò ka ìrìn láti ilé sí ọ́fíìsì mọ́ ọn. Karmo sí Central Area láàárọ̀, ẹrù tiyín ni, inú owó oṣù ló ti ń jáde. Mo mọ àwọn tó ń dá a pọ̀ mọ́ kìlómítà iṣẹ́. Àwọn akáúńtáǹtì náà ní máàpù lórí fóònù.

Pípẹ́ owó tún burú ju kíkéré rẹ̀ lọ. Ẹni tó rìn lọ sí Lokoja ní August 2024, tó rí epo rà ní 617 lẹ́yìn tó tò pẹ́ ní NNPC, 24,680 ló ná. Bí wọ́n bá dá a padà ní October gẹ́lẹ́ bó ṣe ná an, owó náà kò lè ra lítà 24 pé. Lítà 40 jáde, kò tó 24 tó wọlé. Ẹni tó sì rà á nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì nígbà ọ̀wọ́n yẹn, rìsíìtì wo ló fẹ́ mú wá?

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ kò ju pé kí owó ìrìn ní àkáǹtì tirẹ̀, tí ATM rẹ̀ kò ní máa bá yín lọ ọjà. Ẹ kó iye tó máa ra epo ìrìn méjì sí i. Ibẹ̀ ni owó epo iṣẹ́ á ti máa jáde, ibẹ̀ náà ni àlẹ́ẹ̀tì á máa wọ̀. Èyí tó bá lé lórí epo, ẹ fi sílẹ̀ de mẹkáníìkì. Nígbà tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ láti pín owó oṣù, ẹ má ka kọ́bọ̀ ibẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà, kó má di ìjà.

Ẹ óò ní owó oúnjẹ gan-an kò tó, ibo lẹ ti fẹ́ rí ti ìrìn méjì kó pamọ́? Òótọ́ ni. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní July 2024 jẹ́ 70,000, ìrìn Lokoja kan ní October ọdún náà sì kọjá ìdajì rẹ̀ lórí epo nìkan. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a kò yẹ kó máa yá ilé iṣẹ́ lówó rárá. Kó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n san owó epo kí òun tó gbéra, kí òun kó rìsíìtì wá tí òun bá dé, kí iye orí kìlómítà sì máa yí bí owó epo bá ṣe yí. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń to ìnáwó ọdún tuntun kí December tó parí. Kí lẹ́tà náà ti dé tábìlì wọn ní November.