Ta Ní Yorùbá Kò Lè Gbé Ìṣirò?

Mo ń gbọ́ ọ ní Lekki àti Ajah pé Yorùbá kò lè gbé ìṣirò ìjìnlẹ̀. Irọ́ ni!

Ọ̀nà 8 ni a lè gbà yí táìlì onígun mẹ́rin ọgbọọgba, tàbí kí a dojú rẹ̀ dé, kí ó tún bọ́ sí àyè rẹ̀. Irú kan náà wà nínú agbo kan. Iye agbo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pín 8 dọ́gba. Fífi í sílẹ̀ bí ó ti wà dá agbo ní. Ó ku 7. Agbo ọlọ́nà 2 àti 4 nìkan kò lè para pọ̀ di 7. Dandan ni kí òmíràn dá wà: yíyí i dé ìdajì òbírí, tí ó bá gbogbo ìyókù mu, ìbáà ṣáájú, ìbáà kẹ́yìn.

Èwo ni Yorùbá kò gbé níbẹ̀? Ní 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi í kọ́ni ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ni ẹ ń dúró dè?