Téèpù Inú Àpótí Kì í Ṣe Ohun Ìpamọ́

Ẹ̀yin tí ẹ fi kámẹ́rà tó jáde láti 1995 gba ẹkún ìyàwó àti oríkì ẹnu àwọn ìyá àgbà sórí téèpù MiniDV, ta ni ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún nínú àpótí? Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Téèpù wákàtí kan yóò lo wákàtí kan gbáko kí ó tó wọ inú kọ̀ǹpútà tán nípasẹ̀ okùn FireWire, yóò sì gba àyè tó bíi GB 13. Ṣé èyí ni ẹ ń pè ní wàhálà?

Ẹ má sì fi fóònù ya ojú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ pè é ní àdàkọ. Ariwo yàrá yóò bo ohùn àgbà mọ́lẹ̀. Èdè tí ohùn nìkan fi ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ kò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ní 2025, Apple yọ FireWire kúrò nínú macOS 26. Ẹ tètè wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ṣì ní ihò rẹ̀.