Ajá Kì í Ṣe Sítóòfù

Ìdánwò ti fẹ́ parí, àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí ti ń ta ẹrù. Ẹ wo ara ògiri: fóòmù wà fún títà, fáànù wà fún títà, sítóòfù wà fún títà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan tún kọ ọ́ sí pé: "Ajá wà níbí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá mú un kíákíá."

"Kíákíá" yẹn ni mo bá wá jà.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní mo ń ṣe bí ẹni mímọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi náà lájá rí. Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́, torí Yorùbá a máa fi orúkọ ajá pòwe fún aládùúgbò, èmi sì ní aládùúgbò kan tó ń fojú tín-ín-rín mi. Nígbà tí láńlọ́ọ̀dù ní kí n mú ọ̀kan nínú ajá àti yàrá, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, ó ní òun ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ oko òun. N ò bi í pé oko wo. N ò bèèrè ilé. Mo fa okùn lé e lọ́wọ́, ọkàn mi fúyẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì mo rí i nídìí ìsọ̀ ẹlẹ́ran ajá, èyí táwọn ọmọ ìgboro ń pè ní 404. Òun ló ń kó ajá wá fún wọn. Mo bèèrè Tanímọ̀la. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ bi mí nígbà yẹn ni?"

Àwọn kan á ní, "Ajá lásán! Ṣebí Ògún náà ń jẹ ajá?" Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fajá bọ Ògún kò purọ́ pé oko lòun fẹ́ fi í ṣọ́. Ògún yìí kan náà làwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń fẹnu kan irin rẹ̀ búra ní kọ́ọ̀tù. Ògún ń jẹ ajá, kò gba irọ́.

Ẹlòmíì ò tilẹ̀ wá ẹni tó máa gbà á. Á tú ajá sílẹ̀ lẹ́nu géètì, á gba ọ̀nà àgùnbánirọ̀ lọ. Háà! Ajá tó ń rìn kiri láìgba abẹ́rẹ́ lè kó dìgbòlugi. Nínú 100 èèyàn tí àrùn yìí mú, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ẹsẹ̀ ọmọ 100 level tó ń bọ̀ ni ajá yín máa bá níbẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má kọ "ọ̀fẹ́" mọ́. Ọ̀fẹ́ ló ń fa ẹlẹ́ran. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ ẹ san owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ tọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ pa á kò ní sanwó abẹ́rẹ́ fún un. Ẹ tẹ̀lé ajá délé. Ẹ wo ọgbà, ẹ wo ibi tó máa sùn, ẹ bi àwọn ará ilé bóyá àwọn náà fẹ́ ẹ, torí àwọn ló máa fún un lóúnjẹ. Ẹ fún wọn ní káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ sọ orúkọ tó ń jẹ́, bó bá sì ń lé adìẹ, ẹ má fi pamọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ wò ó. Ẹni tó bá ti ní kí ẹ má wá, ẹ má fún un. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìdánwò àṣekágbá ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mọ́tò ti ń fọn fèrè. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó má wulẹ̀ ra ọmọ ajá.

Sítóòfù kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà máa retí yín. Tanímọ̀la: ajá kò mọ ọ̀la tirẹ̀. Èmi ló yẹ kí n bá a bèèrè.