Ìlédìí Ọmọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fi Áyọ́ọ̀nù Tẹ̀

Àwọn àgbà ní aṣọ là á kí, kí a tó kí ènìyàn. Bóyá nítorí èyí ni púpọ̀ nínú wa fi ń tẹ bùbá àti agbádá títí yóò fi dán, ṣùgbọ́n tí a ń ká ìlédìí ọmọ kúrò lórí okùn wọlé bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìlédìí ni ó yẹ kí áyọ́ọ̀nù kọ́kọ́ kàn.

Eṣinṣin kan wà tí a ń pè ní tumbu. Orí yanrìn àti aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ni ó ń yé sí, pàápàá èyí tí a sá sí ibòji tàbí sórí ilẹ̀. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3, ẹyin náà yóò pa, ìdin yóò sì gba awọ ara ọmọ wọlé. Ẹ ó rò pé eéwo lásán ni. Ìdin ni ó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa sá aṣọ sórí okùn nínú oòrùn, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ẹ́ tinú-tẹ̀yìn, títí dé ojú ibi tí a rán. Bí kò bá sí iná, ẹ lo áyọ́ọ̀nù eléèédú. Bí eéwo tí ó ní ihò lórí bá yọ lára ọmọ, ẹ má ṣe fi ọwọ́ fún un. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Owó èédú díẹ̀ sàn ju ẹkún ọmọ lóru lọ.