Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó mú un sáré

Kò sí ohun tó burú nínú kí ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ fẹ́ kí géèmù máa yọ̀ geere lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí ó ra carte graphique olówó pọ́ọ́kú, kí ó sì máa fi tipátipá mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, láìkọ́kọ́ wọn iye àwòrán tó ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ wo GTX 1650 tó jáde lọ́dún 2019. Èyí tí kò ní okùn iná tirẹ̀ nínú wọn, ojú ihò tí a fi sí nìkan ló ti ń gba iná, ihò náà kò sì gbọdọ̀ fún un ju wáàtì 75 lọ. Bí ẹ bá fi MSI Afterburner gbé eré rẹ̀ sókè, tó bá ti kan òpin yẹn, òun fúnra rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Nọ́ńbà lè gòkè díẹ̀. Ojú lè má rí i.

Ooru ńkọ́? Ẹni tó wọn tirẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tó tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan nínú yàrá onípáànù ní Kétu, kí ló fi wé kí ni? Wákàtí kan náà, ibì kan náà nínú géèmù kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán.

Ní tiwa, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbé e sókè, kó ṣe é díẹ̀díẹ̀. Bí àwòrán bá ti ń já, kó dá a padà. Owó oṣù mélòó lẹ fi rà á ná?